Kí Nìdí Tí Ẹni Tó Lágbára Jù Fi Máa Ń Kọ́kọ́ Jáde? Ìṣirò Inú Eré Káàdì Ẹlẹ́ni Mẹ́rin

Tó bá jẹ́ ẹni méjì ló ń ta ayò, ọ̀rọ̀ ò lọ́jú pọ̀: ohun tó bá dun ẹnì kejì, èrè tìẹ ni. Àmọ́ tí ẹni mẹ́rin bá jókòó yí tábìlì ká, ìṣirò yẹn dà rú. Ẹni tó bá ti ta lúdò rí mọ ohun tí mò ń wí: ẹni tó kù díẹ̀ kó délé ni gbogbo ojú ń wò. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á nínú eré káàdì kan tó gbajúmọ̀ kárí ayé.

Magic: The Gathering lorúkọ eré náà. Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì jáde ní 1993. Olúkúlùkù ló ń ra káàdì tiẹ̀, tó ń fi ṣe pàṣípààrọ̀, tó sì ń to èyí tó máa fi jà jọ. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Commander. Ẹni mẹ́rin ló sábà máa ń ṣe é, káàdì 100 ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí 40 sì ni kálukú fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú oríṣi ẹlẹ́ni méjì, ẹ̀mí 20 péré ni.

Ìṣirò kìíní: agbára rẹ ti kéré sí i

Káàdì kan wà tó ń jẹ́ Lightning Bolt, ó lè gba ẹ̀mí 3 lọ́wọ́ alátakò. Nínú eré ẹlẹ́ni méjì, 3 nínú 20 nìyẹn, ìyẹn 15%. Ní Commander, alátakò mẹ́ta ni, ẹ̀mí 120 ló wà lọ́wọ́ wọn lápapọ̀. Káàdì kan náà ti di 2.5%. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ fi máa ń rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni.

Ìṣirò kejì: ta ló jèrè ìjà yín?

Ká ní o lo káàdì 1 láti fi pa káàdì 1 tó jẹ́ ti ẹni tó jókòó sí ọ̀tún rẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré ni, ọ̀mì ni. Àmọ́ ní báyìí, ìwọ pàdánù 1, òun náà pàdánù 1, àwọn méjì yòókù ò pàdánù nǹkan kan. Wọ́n ti fi káàdì kan ju ẹ̀yin méjèèjì lọ, wọn ò sì ṣe ju pé wọ́n jókòó wòran lọ! Torí náà, má pa nǹkan torí pé o lè pa á. Pa á tó bá jẹ́ pé bí o bá fi í sílẹ̀, wàá kú.

Ìṣirò kẹta: ọdẹ mẹ́ta

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní àdììtú kan. Ọdẹ mẹ́ta ń bára wọn jà, wọ́n ń yìnbọn níkọ̀ọ̀kan títí á fi ku ẹyọ kan. Tí Àjàní bá yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń bà. Ti Bánkọ́lé máa ń bà lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Délé kì í tàsé. Àjàní ló máa kọ́kọ́ yìn, Bánkọ́lé tẹ̀ lé e, Délé ló kẹ́yìn. Ta ni kí Àjàní yìnbọn sí?

Ìdáhùn: kó yìn ín sókè! Tó bá pa Bánkọ́lé, Délé á pa á lójú ẹsẹ̀. Tó bá dojú ìbọn kọ Délé, àǹfààní àtiyè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 31%. Tó bá yìn ín sókè, Bánkọ́lé àti Délé á dojú kọ ara wọn, torí pé olúkúlùkù ń bẹ̀rù ẹni tó le jù. Àǹfààní Àjàní á wá di nǹkan bí 40%, ti Bánkọ́lé 38%, ti Délé 22%. Ẹ rí i pé ẹni tí kì í tàsé ló kéré jù!

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Jíjókòó jẹ́ẹ́ ní òpin. Bí ọ̀kan bá ti kú, Àjàní gbọ́dọ̀ jà lóòótọ́. Ẹni tí ò tọ́jú agbára pa mọ́ de ọjọ́ yẹn, ó kàn sún ikú síwájú ni.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Káàdì Propaganda kò ní kí ẹnikẹ́ni má jà. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀dá rẹ̀ kọlù ọ́ gbọ́dọ̀ san mana 2 lórí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Kí lẹni náà máa ṣe? Á yíjú sí ẹlòmíì tí kò gbowó ibodè. O ò dá ogun dúró, o kàn yí ojú rẹ̀ padà ni.

Nítorí náà, kó o tó kọlu ẹnikẹ́ni, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Ta ló lè parí eré yìí tí a ò bá dá a dúró?
2. Ṣé èmi nìkan ló lè dá a dúró, àbí ẹlòmíì lè ṣe é?
3. Tá a bá bá ara wa jà tán, ta ló máa jókòó síbẹ̀ láì fara pa?

Tí ìdáhùn sí ìkẹta kì í bá í ṣe ìwọ, fi káàdì yẹn sọ́wọ́ ná.