Àpótí Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Thin Client

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré kan ní Ìsẹ́yìn. A fẹ́ ṣí yàrá kọ̀ǹpútà fún ogún ọmọ, nítorí àwọn ọmọ wa ń dé gbọ̀ngàn ìdánwò JAMB kí wọ́n tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan mouse. Ẹni tó fẹ́ tajà fún wa ní ká ra thin client. Mo gbé ọ̀kan wò, kò wúwo ju Bíbélì lọ! Ṣé wọn ò fẹ́ lù wá ní jìbìtì?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, màmá wa. Jìbìtì kọ́. Ó fúyẹ́ nítorí pé kò ní hard disk bíi ti kọ̀ǹpútà yòókù, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní fáànù. Inú kọ̀ǹpútà àgbà kan tí à ń pè ní server ni iṣẹ́ ti ń lọ. Ìkòkò kan ló wà lórí iná, abọ́ ló wà níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá tẹ lẹ́tà, waya á gbé e lọ bá server, àwòrán rẹ̀ á sì padà sójú screen kí ọmọ náà tó ṣẹ́jú. Inú ọgbà yín ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní í ra dátà.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè jẹ iná tó 100 watt. Thin client kì í sábà ju 15 lọ. Fún ogún ọmọ, 2,000 watt nìyẹn, 300 nìyí. Ká tiẹ̀ fi 300 mìíràn kún un fún server, inverter tí kò tóbi púpọ̀ á gbé e. (Mi ò ka screen, torí ọgbọọgba ni lọ́nà méjèèjì.)

Àtúnṣe náà rọrùn. Orí server nìkan lẹ ó ti fi ètò tuntun sí, gbogbo ọmọ á sì rí i. Bí olè bá gbé àpótí kan lọ, kò gbé èsì ìdánwò ẹnikẹ́ni lọ.

Ṣùgbọ́n bí server bá kú, ogún ọmọ ló jókòó lásán. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ náwó sí: RAM 32 GB, hard disk méjì tó ń da ara wọn kọ, àti inverter tirẹ̀. Àwọn tó ń tajà máa ń fẹ́ fi server yẹpẹrẹ dín owó kù. Ẹ má gbà. Ẹ má sì retí kí ogún ọmọ máa wo fídíò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa ta kókó. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní iṣẹ́ fídíò, ẹ ra odindi kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì sí i.

Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tajà fún yín léèrè owó ìwé àṣẹ ètò pẹ̀lú. Tí ó bá jẹ́ Windows, ti server lọ́tọ̀, ti àwọn tó ń lò ó lọ́tọ̀. Ètò thin client kan tó ń jẹ́ LTSP, tí Jim McQuillan bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ló sì ń ṣiṣẹ́. Ó lè sọ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí hard disk rẹ̀ ti bàjẹ́ di thin client, bí ẹ bá rí ẹni tó mọ Linux nítòsí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó tan gbogbo ogún níṣojú yín, kí ó ṣí ètò ìdánwò lórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ń ṣe àwáwí, ẹ wá ẹlòmíràn.