Ẹ Mọ Iṣẹ́ Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ̀rọ Dé

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá wa ní Ghana, tí ẹ ń kọ́ Management Information Systems, èyí tí ẹnu gbogbo wa ti mọ́ ní MIS, yálà Legon lẹ wà, níbi tí ẹ̀ka yín ti wà lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ òwò, tàbí Ashesi ní Berekuso, tàbí yunifásítì aládàáni mìíràn káàkiri Accra, ẹjọ́ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu yín. Àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ẹ ò mọ kóòdù kọ tó. Àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó ní ẹ ò mọ ìwé owó kà tó. Àwọn òbí yín ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an lọmọ àwọn fẹ́ fi jẹun.

Èmi tí mo ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ìdáhùn kan ni mo ní. Iṣẹ́ yín ni láti rí i pé ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu mọ ohun tó yẹ kó mọ̀, kó mọ̀ ọ́n lásìkò, kó sì mọ̀ ọ́n bó ṣe rí gan-an. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ táwọn èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ló ṣáájú méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́, tó wá gbé ẹ̀rọ dé, wàhálà ló gbé dé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òwò déédéé kì í ṣe báńkì, kì í sì í ṣe ti ológun. Lyons ni, àwọn tó ń ta tíì àti kéèkì ní ìlú London. Oṣù kọkànlá 1951 ni ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ LEO bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣírò iye tí búrẹ́dì àti kéèkì tó ń jáde nílé ìyan wọn tó. Ṣùgbọ́n láti ṣáájú ogun àgbáyé kejì ni Lyons ti ní ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo bí àwọn akọ̀wé ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì máa wá bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rọrùn. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Ọdún 1968 ni Gordon Davis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ lórí MIS ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ilé tíì ti ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́ kí kíláàsì tó fún un lórúkọ.

Ẹ ò nílò àtilọ sí London kí ẹ tó rí ohun tí mò ń wí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ṣe MoMo, ìyẹn fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, lábẹ́ agbòòrùn yẹ́lò ní Circle, ní Kaneshie, tàbí ní Lagos Town tiwa tí wọ́n ń pè ní Accra New Town báyìí. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́jú gbogbo owó tó wọlé àtèyí tó jáde. Síbẹ̀, ìwé gbọọrọ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó fi rúlà là: ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà Ghana Card, iye owó, ṣé oníbàárà fi owó sí i ni àbí ó gbowó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kánjú á ní ayé ìwé ti kọjá, ká ṣe áàpù fún un. Ẹ jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, tí oníbàárà ń pariwo pé òun ò rí owó òun, inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń parí ìjà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun náà ni obìnrin yìí fi ń ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba 500 cedi lọ́wọ́ rẹ̀, owó orí fóònù á fi 500 lé, owó inú àpótí á fi 500 dín. Àpapọ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ dín sí ti àárọ̀. Bó bá dín, ó fẹ́ mọ ìlà tí owó ti sọnù. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ lè má ni owó náà. Ọ̀gá kan lè wà nílé tó kó owó fún un, tí kì í mú fóònù náà dání, tó jẹ́ pé ìwé ló fi ń mọ ọjọ́ tí owó tètè ń tán, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kóun fi kún un. Ẹ̀rí, ìṣirò àti ìpinnu ọ̀gá ló kóra jọ sínú ìwé kan ṣoṣo. Áàpù tí kò bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, obìnrin yìí á rẹ́rìn-ín gbà á lọ́wọ́ yín, á dúpẹ́, á sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ tó gbọ́n jù ló máa ń borí. Ọdún 2008 ni Bank of Ghana gbé e-zwich jáde, káàdì tó ń fi ìka ọwọ́ dá olówó mọ̀, tó sì lè ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ẹ̀rọ tó dáa ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni MTN gbé MoMo dé, tí kò béèrè ju fóònù kékeré lọ. Lónìí, ẹ bi àwọn ìyá ọlọ́jà ní Makola léèrè èwo ni wọ́n fi ń gbowó. E-zwich fẹ́ káàdì lọ́wọ́ oníbàárà, ó tún fẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìka lọ́wọ́ ẹni tó ń gbowó. MoMo bá èèyàn pẹ̀lú fóònù tó ti wà lápò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ajẹ́ǹtì sì wà nítòsí ilé. E-zwich kò kú o. Òun ni wọ́n wá fi san owó fáwọn ọ̀dọ́ tó ń sin ìlú, torí pé ibẹ̀ gan-an ni dídá èèyàn mọ̀ nípa ìka ọwọ́ ti wúlò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó bá a mu. Ẹ̀yin la fẹ́ kí ẹ mọ iṣẹ́ náà ṣáájú.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ tí a ń kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ bọ́ sórí tuntun. Oṣù kẹsàn-án 2017 ni ìjọba ní kí wọ́n yé fi bébà gba ẹrù jáde ní èbúté Tema. Oṣù kẹfà 2020, wọ́n tún yí ẹ̀rọ aṣọ́bodè padà sí ICUMS. Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn ajẹ́ǹtì tó ń báni gba ẹrù jáde ní láti kọ́ ojú-ewé tuntun, ọ̀pọ̀ wọn sì pariwo pé ẹrù àwọn há. Nínú ìwé tí ẹ ń kà, bóyá orí kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ta ni yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, báwo ni àkọsílẹ̀ àtijọ́ yóò ṣe wọlé láìyingin, kí ni a óò ṣe bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá dàrú.

Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìdàrú, ẹ̀yin tí ẹ ti rí dumsor, ìyẹn àìsí iná ní Ghana, mọ ohun tí mò ń wí. Olóògbé Herman Chinery-Hesse, tó dá SOFTtribe sílẹ̀ ní Accra ní 1991, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rí: sọ́fúwíà tí a bá kọ fún ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ lè fara da iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, wàhálà náà sì dé Ghana, ó dé Nàìjíríà. Nítorí náà, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá gbé fún olùkọ́, ẹ kọ ojú-ìwé kan sí i tó sọ ohun tí òṣìṣẹ́ yóò ṣe bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́. Bí olùkọ́ kò bá béèrè, oníṣòwò á béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìwà náà ń bẹ. Gbogbo wa la mọ ìtàn orúkọ òkú tó ń gbowó oṣù nílé-iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀nà kan tí Ghana gbà ń bá a jà ni pé kí ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa wọ orí kọ̀ǹpútà lóṣooṣù, kó fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé òṣìṣẹ́ tí a fẹ́ sanwó fún wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé, tí akọ̀wé ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” fún gbogbo orúkọ, òkú á máa gbowó lọ. Ẹ̀rọ kì í mọ òkú. Ẹni tó fọwọ́ sí i ló mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó kọ owó sílẹ̀ jẹ́ ẹni tí yóò tún fọwọ́ sí i. Ẹ sì ka òfin 843 ti ọdún 2012, tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn, kí ẹ tó di ẹni tí a fi nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má sá fún ìṣirò owó. Ẹni tí kò mọ bí owó ṣe ń rìn nínú ìwé kò lè mọ ibi tí yóò ti jò. Ẹ kọ́ SQL dáadáa, kí ẹ lè fúnra yín bi àkọsílẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ Excel débi tí ẹ óò fi mọ ìgbà tí kò yẹ kí ẹ lò ó mọ́. Kóòdù díẹ̀ kò ní pa yín lára, kí àwọn tó ń kọ ọ́ má baà fi yín ṣeré. Ẹ kọ́ Twi, ẹ gbọ́ Ga díẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ kì í fi gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń dùn ún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń kọ ìròyìn ojú-ìwé méjì tí ọ̀gá tí kò ní àyè lè kà tán.

Bí àkókò iṣẹ́ àkọyege bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé ẹ̀rọ tó ń pín yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì wá. Ẹ wá ilé oògùn kan ní Madina, ilé ìtọ́jú aláìsàn kan ní Nima, tàbí ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Abossey Okai. Ẹ bi í pé ìpinnu wo ló máa ń fi àròjinlẹ̀ ṣe láràárọ̀, kí ló ń wò kó tó ṣe é, ibo sì ni ohun tó ń wò náà ti ń wá. Ẹ yàwòrán ìrìn ìwé náà láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn, kí ẹ sì mú un padà lọ bá a pé ṣé bó ṣe rí nìyí. Títí tó fi máa ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tan kọ̀ǹpútà yín.