Ẹ̀yin Dókítà Tó Ń Lọ Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ti ilé ìwòsàn LASUTH wá ra láàpútọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ wa ní Computer Village, mo mọ̀ pé ìdánwò PLAB, tí yóò jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba, lẹ fẹ́ fi kà. N kò ní dá yín lẹ́kun. Ní 2023, aṣòfin kan fẹ́ fi ọdún márùn-ún dè yín mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ kíkún, ọ̀rọ̀ tí owó oṣù gidi ìbá yanjú!

Apá kìíní ìdánwò náà, ẹ lè ṣe é ní Nàìjíríà níbí. Apá kejì, àfi Manchester. Pọ́n-ùn lẹ máa ná, náírà lẹ ń gbà. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ta mọ́tò. Ẹ má sì tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ti yege tó ṣì ń wáṣẹ́ kiri ní Ìlú Ọba.

Ẹni tó bá rọra sọ lábẹ́ agboòrùn pé òun lè bá yín ṣe ayédèrú èsì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sá fún un. Àjọ GMC, tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, máa ń wádìí èsì. Láàpútọ́ọ̀pù pàápàá, ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kí ẹ wo bátìrì kó tó di pé ẹ sanwó.

Bí ẹ bá sì lọ, ẹ máa sọ ìwé àṣẹ ìṣègùn tí àjọ MDCN ti Nàìjíríà fún yín dọ̀tun lọ́dọọdún.