Mìlímítà mẹ́rin tó dá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ dúró

Mìlímítà 4 péré ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí mo ní nílé àti férémù tí mo fẹ́ gbé e sí. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ bá mi kálọ.

Bí ẹ bá wọn ásù, ìyẹn ọ̀pá irin tó gba inú họ́ọ̀bù kọjá, láti nọ́ọ̀tì òsì dé ti ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ eré ìje àtijọ́ tó ní jíà 6 tàbí 7 lẹ́yìn máa ń jẹ́ 126. Nígbà tí wọ́n fi jíà kẹjọ kún un, àyè ò gbà á mọ́, ló bá di 130.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn fi agbára dì í mọ́ra. Férémù onírin lè gbà fún yín díẹ̀, torí ó máa ń tẹ̀. Alumíníọ̀mù tàbí kábọ́ọ̀nù ńkọ́? Ẹ má dán an wò o.

Wáṣà ni ká lò. Ẹ tú nọ́ọ̀tì apá òsì, níbi tí kò sí jíà, kí ẹ fi wáṣà tó nípọn mìlímítà 4 sáàárín òun àti kóònù, kí ẹ wá dè é padà. Ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa yí geere láìmì. Ásù ti 126 sábà máa ń gùn tó 137, tí 5.5 á yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lórí 130, 3.5 péré ló máa kù. Èmi á kúkú ra ásù 141.

Ibi tí físíìsì ti dùn nìyí. Wáṣà yẹn ti sún àárín ásù sí òsì ní mìlímítà 2, nítorí náà ríìmù ti bọ́ sí ọ̀tún. Ẹ ó fún sípóòkù òsì, ẹ ó dẹ ti ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, títí ríìmù á fi padà sáàárín.

Ẹ wo èrè tó wà níbẹ̀. Jíà ti gba àyè lọ́tùn-ún, torí náà sípóòkù ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan, ti òsì ló dagun. Èyí tó dúró gangan kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ríìmù sẹ́gbẹ̀ẹ́, a gbọ́dọ̀ fún un gan-an kó tó lè bá ti òsì dọ́gba. Ká ní etí họ́ọ̀bù ọ̀tún jìnnà sí àárín ní 17, ti òsì ní 37: ìdá 46 nínú 100 agbára ọ̀tún ni òsì máa ní. Lẹ́yìn wáṣà, ó di 19 àti 35. Òsì ti di ìdá 54. Sípóòkù òsì kò ní tètè dẹ̀ mọ́ tí ẹ bá kó sí kòtò, èyí tó bá sì ń dẹ̀ ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń tú fúnra rẹ̀.

Ẹ lè pín wáṣà náà sí 2 àti 2, ẹ ò ní fọwọ́ kan sípóòkù rárá, àmọ́ ìdá 46 yẹn lẹ ó ṣì máa gùn.

Férémù tó ń lo ásù 12 tó gba inú ihò kọjá, tí wọ́n ń pè ní 142, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ásù 10 ni wọ́n ṣe họ́ọ̀bù àtijọ́ fún. Wáṣà ò lè fẹ ihò, họ́ọ̀bù mìíràn lẹ máa rà.