Yíyan Yunifásítì fún Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Kẹ́míkà

Ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ sè fún ènìyàn márùn-ún lè kùnà bí a bá ní kí ó se é fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn níbi ìnáwó. Ìkòkò ti tóbi. Ìsàlẹ̀ yóò ti jóná kí àárín tó gbóná. Irú ìṣòro yìí gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ kẹ́míkà. Ohun tí a ṣe nínú ìgò kékeré ni òun yóò sọ di ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ọṣẹ, ajílẹ̀ tàbí epo bẹntiróòlù, láìjẹ́ kí ó bàjẹ́ tàbí kí ó gbiná.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí. Ó ń ṣiyèméjì láàárín Yunifásítì Èkó ní Àkọkà àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún kan náà, 1962, ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó kàwé ní Ifẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kí ọmọ wà nítòsí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù JAMB kì í ṣe eré: ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í wo ẹni tí kò bá fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ṣì í yàn lè pàdánù ọdún kan gbáko.

Mo ní kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá COREN, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àbójútó iṣẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, fi ọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn kò gba àkókò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni ó pẹ́ lẹ́nu wa: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ, tí ó ń ka ìgbóná rẹ̀, àbí ńṣe ni ogójì ọmọ dúró yí i ká, tí wọ́n ń wo olùkọ́? Ìwé ìpolówó kì í sọ èyí. Ọmọ ọdún kẹrin ni kí a bi.

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà, a sì máa ń lo oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́. Èkó ní àǹfààní níbi èyí: àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìfọpo Dangote, tí a ṣí ní 2023 láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Ṣùgbọ́n ọmọ Ifẹ̀ náà lè wá lo oṣù mẹ́fà tirẹ̀ níbẹ̀. Yàrá sì wọ́n ní Àkọkà. Láti ilé wọn ní Ìkòròdú ni ìbá ti máa lọ, kí ó máa lo wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà lójoojúmọ́.

Wákàtí mẹ́ta yìí ni ó mú kí ó kọ Ifẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Kò tí ì béèrè ìdí rẹ̀, èmi náà kò sì sọ.