Katakata Tó Ní Ìbejì Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí katakata kò tètè dé, àgbàdo á pẹ́ kó tó wọlẹ̀, èrè ọdún náà á sì dínkù.

Ní ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Hello Tractor bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ katakata, ẹ̀rọ náà sì ń rán ìròyìn lọ sínú kọ̀ǹpútà, àfi bí ìbejì. Bí Táíwò ṣe ń ṣiṣẹ́ lóko, Kẹ́hìndé inú kọ̀ǹpútà ń fi ibi tó wà hàn, iye ilẹ̀ tó ti tú, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Olówó katakata á lè mọ oko tó kàn láìkúrò nílé.

Ṣùgbọ́n ìbejì yìí kò lè hú kùkùté. Iṣẹ́ tiyín nìyí:

1. Ẹ kó ara yín jọ. Katakata kì í fẹ́ rìn jìnnà nítorí oko kékeré kan. Ẹ̀yin tí oko yín sún mọ́ra, ẹ jọ bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

2. Ẹ wọn oko yín. Hẹ́kítà kan jẹ́ mítà 100 ní gígùn, 100 ní ìbú. Ẹni tó mọ ìwọ̀n oko rẹ̀ kò ní sanwó ilẹ̀ tí wọn kò tú.

3. Ẹ hú kùkùté, kí ẹ sì ṣa òkúta kúrò.

4. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ túlẹ̀ ní ìdábùú, kí àgbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ pe ìpàdé yín kí òjò tó dé.