Ṣé Kí A Gba Mítà Àsansílẹ̀ sí Ilé Wa?

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń gbé ní Arkilla máa ń bi mí bí mo bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: “Tísà, ṣé kí a gba mítà tuntun yìí ni, àbí kí a máa san bíìlì bí a ti ń san án?” Òun ni ẹ̀kọ́ wa ní oṣù yìí. Kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

1. Kí ni mítà yìí?

Mítà ni òṣùwọ̀n iná, bí kóńgò ti jẹ́ òṣùwọ̀n àgbàdo. Yúníìtì ni a fi ń kà á. Bí ohun èlò tó ń jẹ 1,000 wáàtì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúníìtì kan ló lò yẹn. Ẹni tí kò ní mítà, àfojúdá ni wọ́n fi ń kọ bíìlì rẹ̀. Ẹni tó ní mítà àsansílẹ̀ á kọ́kọ́ sanwó, wọn á fún un ní nọ́ńbà tí ó ní ojú 20, á tẹ̀ ẹ́ sínú mítà, yúníìtì á sì wọlé. Bí ó bá tán, iná á lọ. Mítà ọlọ́gbọ́n tún ju èyí lọ: òun fúnra rẹ̀ lè fi iye tí ẹ lò ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ iná, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kà á.

2. Èrè tó wà níbẹ̀

Àwa tí a wá ṣe àtìpó, a máa ń ti ilẹ̀kùn lọ sílé fún ọdún tàbí òkú. Bíìlì àfojúdá kò mọ̀ pé a kò sí nílé. Mítà mọ̀: iná tí ẹ kò bá lò, kò ní kà á. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀ ń rí ohun tí ẹ̀ ń ná lójoojúmọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Fáànù 75 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 lóru lo yúníìtì 0.75. Irin ìsè-omi 1,500 wáàtì tí a fi iná sí fún ààbọ̀ wákàtí péré náà lo 0.75. Ẹ ò rí nǹkan! Omi ìwẹ̀ òwúrọ̀ kan gba iná tí ẹbí fi sun oorun òru kan. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, omi yẹn nìkan á jẹ yúníìtì 22.5. Bí a bá fi náírà 225 tí àjọ NERC fi lé yúníìtì kan ní ìlà A ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ṣírò rẹ̀, ó di 5,062 náírà àti 50 kọ́bọ̀, láìka owó orí. Iye yẹn ti yí padà láti ìgbà náà, nítorí náà ẹ béèrè iye tó wà fún ìlà tiyín.

3. Ohun tí mítà kò lè ṣe

Mítà kì í mú iná wá. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín oníbàárà sí ìlà A dé E. Ìlà A yẹ kí ó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ìlà tí ẹ wà ni ẹ máa wà, ẹ gba mítà o, ẹ kò gbà á o.

Mítà kì í sì í parí ìjà ayálégbé. Mo gbé rí nínú ilé oníyàrá mẹ́fà kan. Ìyá opó kan ní gílóòbù kan àti fáànù kan. Ọkùnrin tó wà ní iwájú ní fìrísà tó fi ń ta omi tútù. Iye kan náà ni gbogbo wa ń dá. Nígbà tí mítà dé, a rò pé ó parí. Ìjà ló le sí i, nítorí yúníìtì ń tán ní òru, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ rà á. Mítà wọn ilé náà, kò wọn yàrá. Ìgbà tí a jókòó, tí onífìrísà gbà láti fi mítà kékeré tirẹ̀ sára wáyà yàrá rẹ̀, ni ara tó tu ìyá yẹn.

4. Kí ẹ tó sanwó

Ilé ni mítà wà fún, kì í bá ayálégbé kó lọ. Nítorí náà, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó náwó. Bí Hausa yín kò bá já gaara, ẹ pè mí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ta ni yóò sanwó, ṣé wọn á sì yọ ọ́ nínú owó ilé?

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná fúnra yín. Ẹ béèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni mítà náà, nítorí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò mítà ọ̀fẹ́ ní ọdún 2020. Ètò tí oníbàárà fi ń rà á fúnra rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 2018. Bí ó bá jẹ́ rírà, báwo ni wọn á ṣe dá owó náà padà? Ṣé gbèsè ayálégbé àná kò sí lórí ilé náà? Ẹ má ṣe fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní títì. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà: olè ni, ó sì lè pa ọmọ.

Èrò tèmi nìyí: ẹni tó dá ilé gbé, tàbí tó ní àdéhùn gidi pẹ̀lú onílé, kí ó gbà á. Ẹni tó ń kó jáde láìpẹ́, kí ó má fi owó irúgbìn àlùbọ́sà ra mítà fún onílé.

Iṣẹ́ ilé

1. Ẹ ka wáàtì tí a kọ sára ohun èlò iná kọ̀ọ̀kan nínú ilé yín. Èwo ló ń jẹ iná jù?
2. Ìlà wo ni àdúgbò yín wà?
3. Bí ẹ bá ju ẹbí kan lọ nínú ilé, báwo ni ẹ ó ṣe máa dá owó yúníìtì tí kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀. Bí mo bá dé ojúlé yín, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òṣìṣẹ́ Ìgbáyégbádùn Ibùdó